Ẹ̀yìn mi tó ṣẹ́, àti bí mo ṣe tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde

Agbọ̀n aṣọ tútù ló ṣẹ́ mi lẹ́yìn. Kì í ṣe mọ́tò, mi ò já bọ́ látorí àkàbà, mi ò tiẹ̀ ṣubú rárá. Mo fọṣọ tán, mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé agbọ̀n náà kí n lọ sá a, mo yíra díẹ̀ sápá òsì, ni mo bá gbọ́ "kọ́!" nínú ara mi bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Mo há síbẹ̀. Mi ò lè nàró, mi ò lè jókòó, òógùn tútù bò mí, agbọ̀n ṣì wà lọ́wọ́ mi torí mi ò tiẹ̀ mọ bí mo ṣe máa gbé e sílẹ̀. Ẹni ọdún 66 ni mí nígbà yẹn, mo sì máa ń fi ara mi yangàn pé mi ò sí lára àwọn àgbà tó ń dáwọ́ lé ìbàdí kiri.

Mo ní iṣan ló fà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ń fi róbù para, tí mò ń lo oògùn ìrora, tí mò ń sùn lórí àga torí tí n bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, àtidìde á di ogun. Aládùúgbò mi kan, obìnrin tó láàánú gan-an, ní kí n dojú bolẹ̀ kóun bá mi tẹ ẹ̀yìn náà dáadáa, pé á wọlé padà. Àìlèdojúbolẹ̀ ló yọ mí o. Títí dòní, tí mo bá rántí pé ó kù díẹ̀ kẹ́nì kan fi ọwọ́ méjèèjì tẹ eegun tó ti fọ́ mọ́ mi lára, ara mi á bù máṣọ.

Lọ́jọ́ kẹwàá ni mo ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti ń ṣe bákan. Ilẹ̀ tí mò ń tẹ̀ ń ṣe bí òwú, sílípáàsì bọ́ lẹ́sẹ̀ mi mi ò mọ̀. Ọmọ mi obìnrin ò bi mí mọ́, ó gbé mi dé ọsibítù. X-ray kọ́kọ́, lẹ́yìn náà MRI, dókítà wá gbé fọ́tò náà síwájú wa. Eegun ẹ̀yìn tó bá dáa, ńṣe ló máa ń dà bíi páálí ìṣáná tí wọ́n tò léra. Èyí tó ń jẹ́ T12 nínú tèmi, ìyẹn ìkejìlá tó kẹ́yìn nínú àwọn tí egungun ìhà so mọ́, iwájú ẹ̀ ti wó pẹlẹbẹ, ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì ga, ó wá rí bí igi tí wọ́n ń ki abẹ́ ilẹ̀kùn kó má baà padé. Wọ́n ní agbègbè yẹn gan-an, T12 àti L1 tó wà lábẹ́ ẹ̀, wà lára ibi tó máa ń wó jù, torí ibẹ̀ ni ẹ̀yìn òkè tí ò fi bẹ́ẹ̀ mì ti pàdé ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ tó máa ń tẹ̀. Èyí tó wá burú nínú tèmi ni pé èrúnrún eegun kan ti sún sẹ́yìn, ó ń fún iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sẹ́sẹ̀.

Dókítà tún na ìka sí eegun mìíràn lókè ẹ̀, T8, ó ní, "Mà, èyí ti pẹ́ tó ti fọ́ o, ìgbà wo lẹ ṣubú?" Mi ò ṣubú. Mi ò mọ nǹkan kan. Ó ní kò ya òun lẹ́nu, pé púpọ̀ nínú eegun ẹ̀yìn tó ń wó báyìí kì í pariwo, ẹni tó ni ín á kàn máa sọ pé ẹ̀yìn ń ro òun. Ibẹ̀ ni mo ti rántí síkẹ́ẹ̀tì mi. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń gé etí síkẹ́ẹ̀tì, pé wọ́n ń wọ́lẹ̀, mo rò pé aṣọ ló ń fà. Aṣọ ò fà o, èmi ni mò ń kúrú. 163 sẹ̀ǹtímítà ni mí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n wọ̀n mí lọ́jọ́ yẹn, 157.

Osteoporosis ni wọ́n ń pè é. Eegun á máa dín látinú, ìta ẹ̀ á fẹ́lẹ́, inú ẹ̀ á wá dà bíi kànìnkànìn tí ihò ẹ̀ ti fẹ̀ jù. Méjì nínú ohun tó máa ń fà á ló wà lára mi: nǹkan oṣù mi dúró nígbà tí mo wà lẹ́ni ọdún 43, mo sì ti lo prednisolone fún ọdún gbọọrọ torí asima. Oògùn yẹn gbà mí là, mi ò ní bú u, àmọ́ ó ń jẹ eegun. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń kọ ọ́ fún mi, kò sẹ́ni tó sọ pé ká yẹ eegun wò. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀ ná, mò ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi, eegun tiẹ̀ náà wó, ṣùgbọ́n kò kan iṣan. Kyphoplasty ni wọ́n ṣe fún un: wọ́n gba ojú ihò kékeré wọnú eegun náà, wọ́n fẹ́ rọ́bà kan nínú ẹ̀ bíi fèrè ọmọdé kí àyè lè wà, wọ́n yọ ọ́, wọ́n wá fa sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń lò fún eegun síbẹ̀. Ọjọ́ kejì ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ sílé. Mo jowú ẹ̀, mi ò ní parọ́. Tèmi, wọ́n là mí lẹ́yìn, wọ́n yọ èrúnrún tó ń fún iṣan, wọ́n ki síkúrù mẹ́jọ sínú eegun méjì lókè àti méjì nísàlẹ̀ èyí tó fọ́, wọ́n fi ọ̀pá irin méjì so wọ́n pọ̀, wọ́n tún fa sìmẹ́ńtì yí síkúrù ká torí wọ́n ní eegun mi rọ̀ débi pé síkúrù lásán lè tú jáde bí ìṣó tí wọ́n kàn mọ́ páálí. Gbólóhùn yẹn ló yẹ kí n gbọ́ jù lọ́jọ́ yẹn. Mi ò gbọ́ ọ. Irin ni mo gbọ́, sìmẹ́ńtì ni mo gbọ́, lọ́kàn tèmi mo ti di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mi ò rò ó pé àwọn eegun tó wà lókè irin àti àwọn tó wà nísàlẹ̀ irin, bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà.

Ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ ni ọmọkùnrin físíò kan, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ aláìsàn bí wọ́n ṣe máa lo ara wọn padà, wọlé, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, a fẹ́ dìde lónìí." Mo ní, "Ká dìde lọ síbo?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká jókòó létí bẹ́ẹ̀dì lásán.

Ìdìde yẹn, mo fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa torí òun ni mò ń lò jù láyé mi báyìí. Tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ká orúnkún méjèèjì sókè. Ẹ na ọwọ́ kan kọjá àyà sápá ibi tẹ́ ẹ fẹ́ yí sí. Èjìká, ìbàdí àti orúnkún á wá yí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìtì igi, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú èkejì. Nígbà tẹ́ ẹ bá ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ sún ẹsẹ̀ méjèèjì jáde létí bẹ́ẹ̀dì, bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń lọlẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi ìgbọ̀nwọ́ àti àtẹ́lẹwọ́ kejì ti ara yín sókè, bí òṣùwọ̀n, apá kan ń lọlẹ̀ apá kan ń gòkè. Ẹ má mí sínú kẹ́ ẹ sé e o, ẹ máa mí jáde bẹ́ ẹ ṣe ń ti ara yín. Èmi sé èémí nígbà àkọ́kọ́, ojú mi ṣókùnkùn, mo jókòó síbẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọmọkùnrin yẹn ní ó tó fún òní. Mo ti rò pé màá rìn. Mo sunkún lójú nọ́ọ̀sì, ojú sì tì mí. Lọ́jọ́ kejì a dúró. Lọ́jọ́ kẹta mo fi wọ́kà, irin téèyàn ń dì mú rìn, rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù, ìṣísẹ̀ 14 ni, mo kà á, mo tún ka 14 padà.

Òfin mẹ́ta ni wọ́n fi rán mi wálé: má tẹ̀, má gbé, má yí. Ó dùn ún sọ. Ẹ lọ gbìyànjú kẹ́ ẹ lo ọjọ́ kan láìtẹ̀. Ẹ ò ní lè wọ ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ yín. Ẹ ò ní lè bọ́jú nínú báṣíà. Tẹ́ ẹ bá fọ eyín tán, ẹ ò ní lè bẹ̀rẹ̀ tu omi sílẹ̀, inú kọ́ọ̀bù ni mo ń tu tèmi sí. Ẹ ò ní lè wẹ̀yìn wo ẹni tó pè yín, gbogbo ara lẹ máa yí bíi sójà. Ọmọ mi ra irin gígùn kan tó ní ẹnu bíi ti ẹ̀mú, òun ni mo fi ń mú nǹkan nílẹ̀, òun ni mo fi ń fa ṣòkòtò dé orúnkún kí n tó fọwọ́ fà á dókè. Wọ́n gbé nǹkan lé orí àwo tọ́lẹ́ẹ̀tì kó lè ga. Pílò kan lábẹ́ orúnkún tí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, kan láàárín orúnkún tí mo bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bẹ́líìtì ẹ̀yìn, èyí tó le bíi páálí tó wá láti àyà dé ìbàdí, wọ́n ní kí n máa dè é tí mo bá ti fẹ́ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ máa wọ síńgílẹ́ẹ̀tì kọ́tìn sábẹ́ ẹ̀ o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òógùn á bó yín lára.

Síńsín àti ikọ́ ni mo bẹ̀rù jù, torí pé tó bá bá èèyàn lójijì, ńṣe lara máa ń ká síwájú gbì. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé tí mo bá ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, kí n nàró, kí n gbá pílò mọ́ ikùn tí mo bá jókòó, àbí kí n fọwọ́ kan ti ògiri tí mo bá dúró, kí n jẹ́ kí ó bá mi lóòró. Ẹ ẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ pílò kan wà tó di ti síńsín nílé wa, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sùn lé e.

Ẹ má bínú, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ìgbẹ́. Oògùn ìrora tó lágbára máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ gan, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi kedere. Ọjọ́ márùn-ún ni mi ò fi yàgbẹ́, nígbà tí mo wá lọ, mo gin débi pé mo ń gbọ́ ọ níbi ojú ọgbẹ́. Gíngin yẹn ò dáa fún ẹ̀yìn rárá. Látìgbà yẹn, oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ ni mo ń lò mọ́ oògùn ìrora látọjọ́ kìíní, omi púpọ̀, mo sì ń rìn.

Rírìn ni oògùn gangan. Ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ilé, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ìṣẹ́jú méje, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti ń jà nìyí. Wọ́n fẹ́ràn mi, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rí mi lórí ìdúró ni wọ́n á ní, "Ṣé kò yẹ kó o sinmi ni?" Wọ́n á gbé omi wá bá mi, wọ́n á gbé oúnjẹ wá bá mi, wọ́n á di irun mi pàápàá tí n bá gbà. Físíò ló bá mi bá wọn sọ ọ́ pé eegun tí kò bá gbé ẹrù ara á máa dín ni, pé bẹ́ẹ̀dì ń jẹ eegun, ó ń jẹ iṣan, pé kí wọ́n bá mi rìn dípò kí wọ́n bá mi jókòó. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti di kọ́ọ̀ṣì, wọ́n ra aago, ìyẹn náà wá di wàhálà mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ keje ni mo ba nǹkan jẹ́. Ara ti ń yá mi. Ìrora ti lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti padà, mo ti fi wọ́kà sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan fi fídíò ránṣẹ́ sórí fóònù mi, eré ìdárayá tó ń mú ẹ̀yìn le, ọmọbìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń ṣe é. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó gbé orí àti àyà sókè lọ bá orúnkún, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó jókòó ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mo ní ikùn mi ti rọ̀ jù, èyí á ràn mí lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ṣe é, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo fẹ́ ya físíò lẹ́nu. Lọ́jọ́ kẹrin, níbi tí mo ti na ọwọ́ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀, mo gbọ́ ọ. Kò le bíi ti àkọ́kọ́, ó kàn dà bí ìgbà téèyàn tẹ ẹfun fọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n.

T9 ni. Eegun tó jókòó lórí ibi tí irin mi parí sí gan-an. Wọ́n ní ibi tí irin bá parí sí ló máa ń gba gbogbo wàhálà, torí ibi tí irin wà ò lè tẹ̀ mọ́, òkè ẹ̀ ló máa tẹ̀ fún un. A dúpẹ́ pé kò kan iṣan, kò gba iṣẹ́ abẹ, bẹ́líìtì padà sára, wọ́n tún dá mi padà sí ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún.

Físíò tuntun ni wọ́n fún mi lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín bọ̀rọ̀. Ó ní kí n fi fídíò náà han òun. Ó wò ó tán, ó ní ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 1984, obìnrin 59 tí wọ́n ní osteoporosis ni wọ́n lò, kò pọ̀, àmọ́ èsì ẹ̀ ò jẹ́ kí òun gbàgbé: àwọn tí wọ́n ń ṣe eré ìdárayá títẹ̀ síwájú nìkan, 89 nínú 100 wọn ni eegun ẹ̀yìn wọn tún wó sí i, àwọn tó ń ṣe ti nínà sẹ́yìn nìkan, 16 nínú 100. Eré ìdárayá ni méjèèjì o. Mo dákẹ́. Ọkọ mi tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà dákẹ́, ìyẹn ò sì wọ́pọ̀.

Ó wá bi mí pé, "Mà, oògùn wo lẹ ń lò fún eegun?" Mo ní kálsíọ̀mù. Ó ní, "Kálsíọ̀mù nìkan?" Mo ní òun nìkan ni wọ́n kọ fún mi. Ó wo ìwé tí wọ́n fi dá mi sílẹ̀ ní ọsibítù tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, ó yí i lójú yí i lẹ́yìn. Wọ́n kọ gbogbo síkúrù síbẹ̀, gígùn àti fífẹ̀ ẹ̀, wọ́n kọ irú sìmẹ́ńtì, wọn ò kọ osteoporosis síbẹ̀ rárá. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, ó ṣì ń bí mi. Wọ́n tún ògiri tó wó ṣe dáadáa, Ọlọ́run á san wọ́n lẹ́san, ṣùgbọ́n ikán tó jẹ ẹ́ ṣì wà nínú ilé, wọn ò sì sọ fún onílé. Ẹni tí eegun ẹ̀yìn ẹ̀ bá wó, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni òmíràn á tún wó láàárín ọdún kan. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ téèyàn ń gbàgbé sọ.

Ó ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò DXA, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí eegun ṣe ki tó. Kò dun èèyàn, ẹ kàn máa sùn sílẹ̀, ẹ̀rọ á kọjá lókè yín. Ìbàdí ni wọ́n lò fún tèmi torí irin tó wà lẹ́yìn mi á da ìṣirò rú. Máàkì kan ni wọ́n máa ń fúnni, T-score ni wọ́n ń pè é; tó bá ti dé mínọ́sì 2.5 tàbí tó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, osteoporosis ti dé nìyẹn. Tèmi, mínọ́sì 3.4. Dókítà eegun wá fi mí sórí teriparatide, abẹ́rẹ́ kékeré tó dà bíi bírò, nínú fíríìjì ló ń gbé, ojoojúmọ́ ni mò ń gún un fún ara mi níkùn. Òun máa ń kọ́ eegun tuntun, kì í kàn ṣe pé ó ń dá èyí tó ń lọ dúró, ṣùgbọ́n kì í sábà ju ọdún méjì lọ, tó bá parí wọ́n á fi òmíràn tẹ̀ lé e kí ohun tí ẹ kọ́ má baà wó. Kálsíọ̀mù àti fítámìn D ṣì wà níbẹ̀ o, bí iyanrìn àti omi, àmọ́ iyanrìn ò kọ́lé fúnra ẹ̀. Obìnrin tí mo jowú ẹ̀ yẹn, a ṣì ń pera wa, alendronate lòun ń lò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀: inú òfìfo láàárọ̀, omi lásán kún kọ́ọ̀bù, ó sì gbọ́dọ̀ wà lórí ìjókòó tàbí ìdúró fún ìṣẹ́jú 30 kó má baà jó o ní ọ̀nà ọ̀fun. Ẹlòmíràn, denosumab ni, oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ìyẹn náà tẹ́ ẹ bá wà lórí ẹ̀, ẹ má fò ó láìjẹ́ kí dókítà mọ̀, torí tí wọ́n bá dá a dúró lójijì, eegun ẹ̀yìn lè wó ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó bá ẹnì kan mu lè má bá ẹlòmíì mu, ẹ bá dókítà yín sọ ọ́, ẹ ṣá má jẹ́ kí wọ́n dá yín sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Ìyá físíò yẹn bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì, kò ju kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ kí n fi ìpàkọ́ tẹ pílò, kí n ka márùn-ún, kí n tú u. Mo ní ṣé eré ìdárayá nìyí? Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọrùn mi sọ fún mi pé òun ni. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní kí n jókòó kí n fa pátákó èjìká méjèèjì súnmọ́ra bí ẹni fẹ́ fi há nǹkan mọ́ àárín wọn. Lẹ́yìn náà kí n fẹ̀yìn ti ògiri, gìgísẹ̀, ìdí, èjìká, kí n gbìyànjú kí ìpàkọ́ mi kan ògiri. Kò kàn án. Ọwọ́ mi máa ń gba àárín ẹ̀ kọjá. Oṣù mẹ́rin ló gbà kí àyè yẹn tó kù bí ìka kan, kò tíì kan án pátápátá, ó ní ó lè má kan án láéláé torí T8 àti T9 tó ti wó ò ní ga padà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó jẹ́ kí n dojú bolẹ̀, pílò lábẹ́ ikùn, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n gbé àyà kúrò nílẹ̀ díẹ̀ báyìí, kí n wo ilẹ̀, kí n má wo iwájú. Mẹ́wàá. Ìjókòó-dìde látorí àga láìfọwọ́ kan nǹkan, mẹ́wàá. Dídúró lẹ́sẹ̀ kan, ọwọ́ lórí tábìlì ìdáná, kí n máa ka.

Èyí tó wá yí ayé mi padà ni ọ̀pá. Ó gbé igi gígùn kan lé mi lẹ́yìn lóòró, ó ní kó kan ibi mẹ́ta: ìpàkọ́, àárín èjìká, egungun ìdí. Ó ní kí n ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ fìdí ti ilẹ̀kùn mọ́tò, kí orúnkún tẹ̀, kí àyà wá sílẹ̀, kí ọ̀pá má kúrò níbikíbi. "Tó bá ti kúrò ní ìpàkọ́, ẹ ti tẹ̀ nìyẹn." Ó kúrò. A tún ṣe. Ó kúrò ní ìdí. A tún ṣe. Nǹkan bí ìgbà ogún lọ́jọ́ yẹn, tí ó sì yé mi lójijì pé láti kékeré ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn, ọdún 66, agbọ̀n, báṣíà, ìgbálẹ̀, ọmọ, gbogbo ẹ̀ ẹ̀yìn ni, ìbàdí wà níbẹ̀ mi ò lò ó. Ìbàdí ni orígun, ẹ̀yìn ò gbọ́dọ̀ ṣe ju kó tẹ̀ lé e lọ.

A kó gbogbo rọ́ọ̀gì kékeré nílé. Iná kékeré kan ń tàn láti yàrá dé tọ́lẹ́ẹ̀tì ní gbogbo òru, torí òru lèmi máa ń dìde tọ̀, ojú oorun sì ni èèyàn fi ń ṣubú. Mo jáwọ́ nínú sílípáàsì, bàtà tó ní ẹ̀yìn ni mò ń wọ̀ nínú ilé.

Wọ́n tún fún mi ní àwọn nǹkan tí n kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì: tí abẹ́ mi, ibi tí mo fi ń jókòó, bá kú tìpìrì, tí mi ò bá lè tọ̀ tàbí tó bá ń dà lára mi, tí ẹsẹ̀ bá tún ń rọ̀, tí ibà bá dé tàbí ojú ọgbẹ́ ń ṣomi, tí ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kan, lábẹ́ orúnkún, bá wú tó ń dunni, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kò sí pé ó dọ̀la.

Ìbẹ̀rù ò tíì lọ tán o. Àwọn ọjọ́ kan wà tí n kì í fẹ́ jáde, tí gbogbo ohùn tí ara mi bá dún, orúnkún, ọrùn, màá dúró wò ó bóyá òun ni. Ọmọ ọmọ mi sáré wá gbá mi mọ́ra lóṣù tó kọjá, mo na ọwọ́ dá a dúró, ojú ẹ̀ yí padà. Mo jókòó sórí àga, mo ní kó wá díẹ̀díẹ̀, ó wá, ó rọra gbé orí lé mi léjìká bí ẹni gbé ẹyin.

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi níbi tí mo ti ń kọ eléyìí, ó yí wọ abẹ́ àga. Ọmọ yẹn ti ń dìde kó bá mi mú un, mo ní kó jókòó. Mo di àga mú, mo ti ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, mo gbé orúnkún ẹ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn lóòró, mo na ọwọ́, mo mú un. Mo fọwọ́ ti àga, mo dìde. Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ̀yin náà ẹ pẹ́ o." Mo ní kó lọ gbé ọ̀pá wá, kí n fi ìbàdí hàn án.